Làkúrègbé ọwọ́ ní ìgbà òtútù

Làkúrègbé ọwọ́ ni orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pe ìrora, wíwú àti líle tó máa ń mú oríkèé ìka, àtàǹpàkò àti ọrùn-ọwọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní in ló ń sọ pé ìrora náà máa ń le sí i nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Mímú ọwọ́ móoru jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn láti dín ìrora yìí kù, ṣùgbọ́n kì í wo àrùn tó fà á. Àyọkà yìí dá lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní Múṣin, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Orúkọ kan, àrùn púpọ̀

Ju àrùn kan lọ ni ọ̀rọ̀ náà "làkúrègbé" kó pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni osteoarthritis, níbi tí eegun rírọ̀ tó bo orí eegun nínú oríkèé ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ló sábà máa ń mú, pàápàá ní ìdí àtàǹpàkò àti ní oríkèé tó sún mọ́ èékánná. Kókó líle lè yọ ní àwọn oríkèé ìka yìí. Ìrora rẹ̀ máa ń pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, líle òwúrọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 lọ.

Èkejì ni rheumatoid arthritis. Nínú àrùn yìí, ètò tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àrùn á yíjú padà sí oríkèé ara fúnra rẹ̀. Ó sábà máa ń mú ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ní ìdí ìka àti ọrùn-ọwọ́. Oríkèé a wú, a gbóná, líle òwúrọ̀ rẹ̀ sì lè ju wákàtí kan lọ. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, kì í sì í ṣe àrùn àgbà nìkan. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba oríkèé jẹ́ títí láé, kí ọwọ́ má sì lè di nǹkan mú dáadáa mọ́.

Àwọn àrùn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní làkúrègbé tí kì í ṣe òun. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ kékeré wú, òtútù sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó lè ta ìrora rẹ̀ jí. Bákan náà, bí òtútù bá ń mú kí ìka funfun tàbí kí ó ṣú, kí ó sì kú tipiri, ó lè jẹ́ ìṣòro iṣan ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, Maurice Raynaud, ṣàpèjúwe ní ọdún 1862.

Òtútù ní Múṣin

Ìwọ̀n ooru ní Èkó kì í sábà lọ sílẹ̀ ju 20°C lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni òtútù sábà máa ń gbà dé ọwọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà tó máa ń fẹ́ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ó ń mú kí òru àti ìdájí tutù, ó sì ń mú kí awọ ọwọ́ sán. Èkejì ni ìgbà òjò. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ló máa ń tutù jù nínú ọdún.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́. Àwọn tó ń ta ẹja òkú-Èkó ń ti ọwọ́ bọ inú páálí ẹja dídì láti òwúrọ̀. Àwọn olóúnjẹ ń ṣan ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti abọ́ nínú omi tútù. Àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì ní ọjà Ládípọ̀ ń di irin mú látàárọ̀ dalẹ́. Omi àti irin máa ń fa ooru kúrò lára ọwọ́ kíákíá ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ọwọ́ lè tutù gan-an ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn.

Ìdí tí ìrora fi ń le sí i

Nígbà tí ọwọ́ bá tutù, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ máa ń fún kí ooru ara má baà jáde, ẹran ara náà á sì le. Omi tó ń mú oríkèé yọ̀ á máa ki. Síbẹ̀, òtútù kọ́ ló ń dá làkúrègbé sílẹ̀. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Manchester ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, tọpa ìrora àwọn ènìyàn 2,658 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́. Ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ líle àti ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó lọ sílẹ̀ ni wọ́n rí pé ó bá ìrora rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀. Ìwọ̀n ooru nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Bí a ṣe ń mú ọwọ́ móoru

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kí a ti ọwọ́ bọ inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí a máa pa ìka dé, kí a sì máa ṣí i nínú omi náà. Ìgbọ̀nwọ́ ni a fi ń dán omi wò kí ọwọ́ tó wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí a ó nù ún gbẹ, a ó sì fi òrí pa á kí awọ má baà sán. Ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹja dídì lè wọ ibọ̀wọ́ òwú sábẹ́ ibọ̀wọ́ rọ́bà. Fífi aṣọ wé èèkù ọ̀bẹ tàbí ọmọrogùn kí ó lè nípọn máa ń dín agbára tí ìka ń lò kù.

Ìpara atani bíi Robb àti Aboniki ń mú kí awọ ara mọ ooru tàbí ìtutù lára, ṣùgbọ́n kì í wọ inú oríkèé lọ wò ó sàn. Kò yẹ kí a pa á tán kí a tún gbé ohun gbígbóná lé e, nítorí ó lè jó awọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní láti ṣọ́ra jù, torí ọwọ́ rẹ̀ lè má mọ̀ pé omi ti gbóná jù. Bí oríkèé bá ń gbóná, tó sì wú, omi tútù lè tù ú lára ju omi gbígbóná lọ.

Ewu oògùn àdàlù

Àwọn kan máa ń ra oògùn "làkúrègbé" tí wọ́n pò mọ́ra nínú ọ̀rá láìsí ìwé dókítà. Prednisolone tàbí dexamethasone lè wà nínú rẹ̀. Ìrora á lọ kíákíá, ṣùgbọ́n lílò wọn pẹ́ lè sọ eegun di ẹlẹgẹ́, ó sì lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ó tún léwu láti dá a dúró lójijì lẹ́yìn tí ara ti mọ́ ọn lára. Diclofenac àti ibuprofen náà lè dá egbò sí inú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ìgbà tó yẹ láti lọ sí ilé ìwòsàn

Ó yẹ kí ẹni tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ wú ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń le ju ìṣẹ́jú 30 lọ ní àràárọ̀, lọ fún àyẹ̀wò. Bí oríkèé kan bá wú lójijì pẹ̀lú ibà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó lọ. Ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ Múṣin ni ti Yunifásítì Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LUTH, ní Ìdí-Àràbà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti fọ́tò eegun ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ irú làkúrègbé tó jẹ́. Bó bá jẹ́ rheumatoid arthritis, àwọn oògùn bíi methotrexate wà tó lè dá ìbàjẹ́ oríkèé dúró tàbí kí ó dín in kù, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ wọn. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, bó ti wù kí ó tu ọwọ́ lára tó.