Àìtó Dókítà Ọpọlọ àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ètò Abúlé ní Àrò, Abẹ́òkúta

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ ìtàn ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó wà ní Àrò, Abẹ́òkúta, ohun tí wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́ ni bí Thomas Adéoyè Lambo ṣe mú ìṣègùn òyìnbó àti ti ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyìn yìí ń bo ohun kan mọ́lẹ̀: àìtó ló bí ètò náà. Dókítà kò tó, ibùsùn kò tó, ilé ìwòsàn gan-an kò sì tíì kọ́ tán.

Ìjọba amúnisìn ti dá ilé àwọn wèrè sílẹ̀ ní Calabar ní 1904 àti ní Yábàá ní 1907. Ìtọ́jú kọ́ ni iṣẹ́ wọn nígbà náà, ìhámọ́ ni. Òfin 1916 tó de ọ̀rọ̀ náà fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ pé kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé, ṣùgbọ́n òfin kò lè dá dókítà tó mọ àrùn ọpọlọ. Ní 1944 ni wọ́n ṣí ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta, nítorí àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Lambo, wọ́n bí i ní 1923. Birmingham ló ti kọ́ ìṣègùn, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London. Nígbà tó gba àkóso Àrò ní 1954, kò dúró kí àwọn kọ́lékọ́lé parí iṣẹ́. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lójúmọ́, wọn a sì padà sí abúlé. Àwọn ará abúlé náà kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́: wọ́n ń gba owó ilé, ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi yàrá kún ilé wọn, ó sì bá wọn ṣètò omi ẹ̀rọ, ṣáláńgá àti pípa ẹ̀fọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ yẹ aláìsàn wò lábúlé.

Ìlànà kan ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìbátan mìíràn gbọ́dọ̀ bá a jókòó. Ta ló ń dáná? Ta ló ń fọṣọ? Ta ló ń mú un lọ gba abẹ́rẹ́, tó sì ń ṣọ́ ọ lóru bí kò bá rí oorun sùn? Ìbátan yìí ni. Oko rẹ̀ tàbí àtẹ rẹ̀ wà nílé láìsí olùtọ́jú, kò sì sí nínú àwọn tí ìjọba ń san owó oṣù fún. Bí a bá fẹ́ mọ iye òṣìṣẹ́ tí Àrò ní nígbà náà, tí a sì ka dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan, a kò tíì ka ìdajì iṣẹ́ náà. Ìlànà yìí kan náà ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan: ẹni tí ẹbí ti kọ̀ sílẹ̀, tó ń rìn kiri ìgboro, ta ni yóò bá a wọ abúlé?

Òkìkí ètò náà kàn jìnnà. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà ti wáyé. Ṣùgbọ́n òkìkí ní ìyọnu tirẹ̀. Ní 1963 Lambo lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn tó ti jẹ́ gíwá yunifásítì níbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva gbà á. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi, Tọ́lání Asuni tó gbapò rẹ̀ kò sì jẹ́ kí Àrò ṣubú. Síbẹ̀, ọ̀nà tó ti Abẹ́òkúta gba Ìbàdàn dé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ dókítà ń tọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì yà ní Ìbàdàn mọ́.

Bóyá ìdí nìyí tí Àrò fi tún yíjú síta. Ní 2011 ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé láti dá àwọn àrùn bíi wárápá àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mọ̀, kí wọ́n tọ́jú èyí tí agbára wọn ká, kí wọ́n sì darí èyí tó le sí ọ̀dọ̀ dókítà ní Àrò.