Ẹ̀rọ tí ń Dá Ṣiṣẹ́: Ta Ni Ó ń Ṣiṣẹ́ Fún?

Ní àwọn ìjókòó ọ̀dọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde bí a bá ti dárúkọ róbọ́ọ̀tì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn láìsí ènìyàn nídìí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà yóò nawọ́, yóò ní, “Ààfáà, ṣebí àwa Mùsùlùmí ni a kọ́kọ́ ṣe é?” Àwọn yòókù yóò sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́ pátápátá, ẹni tí ó bá sì fi ìpàtẹ́wọ́ parí rẹ̀ kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á tú ìtàn náà palẹ̀, nítorí pé ohun tí ń ba àwọn òbí lẹ́rù lónìí, pé ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá.

Ní ìlú Bagdad, ní nǹkan bí ọdún 850, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta kan, Muhammad, Ahmad àti al-Hasan, àwọn ọmọ Musa bin Shakir, kọ ìwé kan tí à ń pè ní Kitab al-Hiyal. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ohun ọgbọ́n ni wọ́n ṣàlàyé sínú rẹ̀. Wọ́n tún ṣàlàyé ohun èlò orin kan tí ń dá fọn fúnra rẹ̀. Omi ni ó ń yí àgbá kan tí eyín kéékèèké wà lára rẹ̀. Àwọn eyín náà ni ó sì ń ṣí ojú ihò fèrè, tí ó sì ń dí i. Bí a bá tún eyín tò, orin yóò yí padà. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀ nídìí òfì.

Ẹni tí àwọn ọmọ wa sábà máa ń dárúkọ ni al-Jazari, tí ó ṣiṣẹ́ ní ààfin àwọn ọba Artuqid ní Diyarbakir, ní ilẹ̀ tí ó di ti Tọ́kì lónìí. Ní ọdún 1206 ni ó parí ìwé rẹ̀. Àádọ́ta ẹ̀rọ ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán àti ìwọ̀n, kí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó bá kà á lè ṣe irú rẹ̀. Kì í sì í ṣe àlá ni ó kọ sílẹ̀: ní ọdún 1976, wọ́n tún agogo olómi ńlá kan kọ́ láti inú ìwé náà ní ilé àkójọ ohun ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣiṣẹ́.

Nínú ìwé yìí, ibì kan wà tí mo máa ń dúró lé. Ọba kò fẹ́ kí ìránṣẹ́ tàbí ẹrúbìnrin máa da omi sí òun lọ́wọ́ bí òun bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, ó sì ní kí al-Jazari wá nǹkan ṣe sí i. Al-Jazari fi bàbà ṣe ère ìránṣẹ́ kan tí ó gbé ohun ìbomi dání. Omi á dà fún ọba. Bí omi bá tán, ère náà á na aṣọ ìnuwọ́ sí i. Gbogbo ènìyàn ni ó ń yin ère. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń da omi náà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìwé náà kò sọ ibi tí ó gbà lọ.

Bí ẹ bá sì ka àádọ́ta ẹ̀rọ yẹn tán, márùn-ún péré ni ó jẹ́ ti fífa omi sókè, irú èyí tí àgbẹ̀ àti ará ìlú lè lò. Ọ̀kan nínú wọn, odò fúnra rẹ̀ ni ó ń yí i, kò nílò màlúù. Èmi ka èyí sí iṣẹ́ tí ó dára jù nínú gbogbo wọn. Èyí tí ó pọ̀ nínú ìyókù, agogo ààfin ni, àti ìsun omi tí ń yí ìrísí padà, àti mẹ́wàá tí ó jẹ́ ohun èlò àríyá ọtí. Ẹ má jẹ́ kí á fi ìyẹn pamọ́. Ọba ni ó ń sanwó, ohun tí ọba fẹ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe.

Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fo ọ̀pọ̀ ọdún dé ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1738, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Jacques de Vaucanson gbé ère kan jáde ní Paris tí ń fọn fèrè. Àgbá eléyín náà ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìjọba fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ aṣọ ṣẹ́dà. Àwọn ahunṣọ Lyon sọ ọ́ ní òkúta ní ọdún 1744. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ṣe òfì tí ń dá hun aṣọ. Báyìí ni ọgbọ́n fèrè ṣe di ọgbọ́n òfì. Òfì yẹn kò tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n Joseph-Marie Jacquard tún un ṣe ní ọdún 1804, ó lo páálí tí a lu ihò sí. Ibi tí ihò bá wà ni òwú yóò ti gbéra sókè. Ṣáájú àkókò yìí, ọmọdé ni wọ́n máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ òfì láti máa fa okùn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kí ọnà tó lè jáde lára aṣọ. Ẹni tí ó bá ní kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi ọmọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó korò jù. Láti ọdún 1811, àwọn tí ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní agbègbè Nottingham bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀rọ ní òru. Luddite ni wọ́n ń pè wọ́n, títí di òní ni a sì ń fi orúkọ náà bú ẹni tí kò fẹ́ ohun tuntun. Èébú náà kò tọ́ sí wọn. Wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ tipẹ́; ohun tí wọ́n ń bínú sí ni pé àwọn olówó ń lo ẹ̀rọ láti mú ọjà tí kò dára jáde, wọ́n ń gba ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ sídìí rẹ̀, wọ́n sì ń gé owó iṣẹ́. Ní ọdún 1812, ìjọba ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fọ́ ẹ̀rọ, pípa ni. Byron, akéwì nì, dìde nílé aṣòfin láti tako òfin náà, ṣùgbọ́n ó kọjá. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, owó ọ̀sẹ̀ àwọn tí ń fi ọwọ́ hun aṣọ ní ilẹ̀ náà já wálẹ̀ kọjá ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń pọ̀ sí i lọ́jà.

Aṣọ àti òwú náà kò dúró sí òkè òkun. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ìyá wa àgbà ni wọ́n ń rànwú, àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn ń hun ún. Nígbà tí òwú tí ẹ̀rọ ràn dé, àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn tẹ́wọ́ gbà á, nítorí ó dán, ó ní àwọ̀ oríṣiríṣi, kì í sì í tètè já. Iṣẹ́ wọn gbèrú, ó wà títí di òní. Àwọn ìyá tí ń rànwú ni ó gbé e kalẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fọ́ ẹ̀rọ nítorí tiwọn, kò sí Byron tí ó bá wọn sọ̀rọ̀. Lórí aṣọ kan náà, ẹ̀rọ kan náà là fún ẹnì kan, ó sì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Orúkọ róbọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ lọ. Inú eré oníṣe tí Karel Čapek, ọmọ ilẹ̀ Czech, kọ ní ọdún 1920 ni ó ti jáde, láti inú ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ túláàsì. Ní ọdún 1961 ni èyí tí a kọ́kọ́ fi sẹ́nu iṣẹ́, Unimate, bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ General Motors ní New Jersey ní Amẹ́ríkà. Apá kan ṣoṣo ni, ó tó tọ́ọ̀nù méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé irin gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, iṣẹ́ tí ń jó ènìyàn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí yóò sunkún nítorí iṣẹ́ yẹn, àfi pé owó oṣù ń bá a rìn. Ní ọdún 2023, irú wọn tí ó wà ní àwọn ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, Ṣáínà ni ó sì ń rà wọ́n jù.

Ti ìwé kíkọ ni ó sún mọ́ ilé kéwú wa jù. Ààfáà kan wà tí mo mọ̀, tí ó fi kálámù kọ́ ilé, tí ó fi fẹ́ ìyàwó. Bí onímọ̀ kan bá fẹ́ tẹ ìwé Lárúbáwá, òun ni wọn yóò gbé e fún kí ó fi ọwọ́ kọ ọ́ dáadáa, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Lárúbáwá, àwọn ọmọ tí ó kọ́ ni wọ́n gba iṣẹ́ náà. Fún bí ọdún méjì, kò sí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tí àmì ń sọnù lórí lẹ́tà, tí ojúàmì kan ń di méjì, tí ìtumọ̀ sì ń yí. Wọ́n padà lọ bá a. Títún àṣìṣe ẹ̀rọ ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, owó tí ó ń gbà lórí ojú ewé kan kò tó ìdajì ti àtijọ́. Mo bi í léèrè bóyá ó rọrùn jù. Ó ní nígbà yẹn, ọwọ́ ni ó máa ń dun òun. Ní báyìí, ojú ni.