Nardoo: oúnjẹ tó ń yó èèyàn tó sì ń pa á

Lónìí, Ọsirélíà là ń lọ.

Bí ẹ bá ń wá oúnjẹ ìbílẹ̀ ibẹ̀ lórí fóònù yín, ẹran kangaroo lẹ máa kọ́kọ́ rí. Nardoo lèmi fẹ́ sọ: ewéko etí omi, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń lọ kóró rẹ̀ jẹ.

Ọdún 1860 ni Burke àti Wills kúrò ní Melbourne láti la ilẹ̀ náà já. Nígbà tí wọ́n padà dé Cooper Creek lóṣù kẹrin ọdún 1861, àwọn tó ń dúró dè wọ́n ti lọ. Ìgbà wo? Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an! Àwọn Yandruwandha fún wọn ní ẹja àti nardoo, àfi ìgbà tí Burke yìnbọn láti fi lé wọn.

Ni àwọn àlejò wá ń ṣe nardoo fúnra wọn. Ikùn ń yó, ara ń gbẹ. Wills alára kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin Yandruwandha ní tiwọn máa ń yan kóró náà, wọ́n á sì fi omi lọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé láìṣe bẹ́ẹ̀, ó ń ba fítámì B1 jẹ́ lára.

Àwọn méjèèjì kú ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹfà. John King, ẹnì kejì wọn, lọ bá àwọn onílẹ̀. Ó fi omi gbígbóná fọ egbò apá obìnrin kan, wọ́n sì ń bọ́ ọ títí Alfred Howitt fi rí i lóṣù kẹsàn-án: egungun lásán, àmọ́ ó ń mí.

Ọdún 1865, wọ́n gbé ère kalẹ̀ ní Melbourne. Ère Burke àti Wills ni.