Ford Model T àti Àwọn Páàtì Àtijọ́ Tí Wọ́n Fi Ń To Speedster

Speedster ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ọkọ̀ eré pẹlẹbẹ tí àwọn ọ̀dọ́ wọn ń fọwọ́ ara wọn tò láti nǹkan bí ọdún 1910 títí dé 1930. Wọ́n á ra Ford Model T àlòkù, wọ́n á tú òrùlé, ilẹ̀kùn àti mọ́gáàdì rẹ̀ dànù, wọ́n á sì gbé àga méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀ àti táńkì epo kan lé orí ṣáásì. Àwọn tó ń to irú rẹ̀ lóde òní kì í sábà rí odindi ọkọ̀ rà. Òkìtì irin tó ti dógùn-ún lẹ́yìn abà àgbẹ̀ ni wọ́n máa ń bá pàdé, ẹni tó ń tà á á sì máa búra pé ti 1915 ni gbogbo rẹ̀. Kò sídìí láti bá a jiyàn. Ara irin ni kí oníbàárà lọ wò.

Láàárín 1908 sí 1927, Model T tí Ford ṣe lé ní mílíọ̀nù 15. Ní gbogbo ọdún yẹn, irú ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń lò: sílíńdà mẹ́rin, lítà 2.9, agbára ẹṣin 20. Láti àárín táyà iwájú dé àárín tẹ̀yìn kò sì kúrò ní 100 ínṣì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ páàtì 1914 fi ń wọ ọkọ̀ 1924 láìsí wàhálà púpọ̀. Oore ńlá lèyí jẹ́ fún ẹni tó ń to ọkọ̀, àmọ́ òun náà ló da ọjà rú, torí ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn mẹkáníìkì ti ń yọ tibí fi sí tọ̀hún.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń wá. Apá òsì búlọ́ọ̀kù ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, lókè ibi tí omi ti ń wọlé. Oṣù Kẹfà ọdún 1924 ni Ford kan mílíọ̀nù mẹ́wàá, nítorí náà nọ́ńbà tó bá sún mọ́ ọn ti sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Bí lẹ́tà C bá ṣáájú nọ́ńbà, Kánádà ni wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lè purọ́. Bí búlọ́ọ̀kù oníbàárà bá là, èyí tí Ford ń tà fún un kì í ní nọ́ńbà kankan lára; ti àtijọ́ ni wọ́n máa ń tẹ̀ sára tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni Ford kò dáwọ́ ẹ́ńjìnnì náà dúró nígbà tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ parí ní 1927. Ó di 1941 kó tó ṣíwọ́.

Déètì tó yọ gbàǹgbà lára irin nígbà tí wọ́n dà á ló ṣeé gbára lé jù. Bí 8 14 22 bá wà lára búlọ́ọ̀kù, ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1922 ni, torí oṣù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ṣáájú. Tí nọ́ńbà bá ń sọ 1917, tí déètì sì ń sọ 1922, ẹnìkan ti pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù nìyẹn. Pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kó bá Ford alára nígbà kan. Ní 1909, Model T tí wọ́n tú bọ́dì rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé Seattle nínú ìdíje tó gbéra láti New York. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ti polówó ara rẹ̀ tán kí ìdájọ́ tó dé.

Àwọn páàtì yòókù kò ní nọ́ńbà tó bẹ́ẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Rédíétọ̀ onídẹ parí ní 1916, dúdú ló tẹ̀ lé e. Àsìkò yẹn náà ni tọ́ọ̀pù sílíńdà gíga rọ́pò èyí tó kúrú. Èyí tó ga máa ń gba omi púpọ̀ sí i, àmọ́ èyí tó kúrú ló ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, ìyẹn ló sì fi wu àwọn tó ń wá eré. Ìdérí gíà tó bá ní ihò fún kíkì kò lè ti ṣáájú 1919. Wíìlì ẹ̀yìn tí dúrọ́ọ̀mù bíréèkì rẹ̀ bá fẹ̀ tó ínṣì 11 jẹ́ ti 1926 tàbí 1927, torí ínṣì 8 ni tàwọn tó ṣáájú.

Níwájú, ọ̀pá oníga méjì kan wà tó di axle mú kó má baà yí. Kó tó di 1919, orí axle ni wọ́n so ó mọ́. Láti ọdún yẹn, abẹ́ rẹ̀ ni. Tabẹ́ lágbára ju tòkè lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ sáré kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ro èyí tó máa mú.

Orúkọ Ford tí wọ́n fi ọwọ́ ìkọ̀wé dídà kọ sára irin jẹ́ àmì rere, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ kò sọ páàtì di pàǹtí. Nínú òkìtì speedster, páàtì tí kì í ṣe ti Ford lè wọ́n ju ti Ford lọ. Ẹni tó bá rí RAJO lára tọ́ọ̀pù sílíńdà ti ríre: Racine ní Wisconsin ni Joe Jagersberger ti ń ṣe é, ìlú náà àti orúkọ rẹ̀ ló sì pa pọ̀. Frontenac, tí wọ́n ń gé kúrú sí Fronty, jẹ́ ti àwọn ará ilé Chevrolet ní Indianapolis. Ọkọ̀ kan tó lò ó, tí L. L. Corum wà, ló gba ipò karùn-ún nínú ìdíje Indianapolis 500 ti 1923. Irú wọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà wà lórí igbá báyìí, nítorí náà kí owó tó jáde lápò, ó yẹ kí oníbàárà yẹ ojú irin wò dáadáa.

Ìdí ọkọ̀ ló gba sùúrù jù. Wọ́n ní láti tú axle ẹ̀yìn, kí wọ́n ka eyín gíà rẹ̀. Ti Ford jẹ́ 40 sí 11. Ọ̀pọ̀ tó ń to speedster ń wá 39 sí 13, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí jẹ́ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Bí wọ́n bá ti tú u, kí wọ́n wo àwọn wọ́ṣà tó di gíà ńlá náà mú. Irin rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní babbitt ni Ford fi ṣe wọ́n, ó sì máa ń rún wómúwómú bó bá gbó. Inú gíà ni bíréèkì ẹsẹ̀ Model T wà, kì í ṣe ní táyà. Tí wọ́ṣà wọ̀nyẹn bá rún, tí eyín gíà sì yẹra fún ara wọn, ẹsẹ̀ awakọ̀ kò ní bíréèkì kankan mọ́. Wọ́ṣà idẹ ni wọ́n fi ń rọ́pò wọn, kí ọkọ̀ tó kọ́kọ́ jáde sí títì.