Ẹsẹ̀ Ṣáájú Apá: Ìtàn Ìkọ́ni Àwọn Ọ̀dọ́ Ahánbọ́ọ̀lù Nínú Eré Softball

Inú gbọ̀ngàn ni a ti bí eré softball, kì í ṣe lórí pápá, èyí sì ni orísun púpọ̀ nínú ohun tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń kọ́ àwọn ọmọdé lónìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1887, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, George Hancock fi okùn di ìbọ̀wọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ kan títí ó fi rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, àwọn tí wọ́n wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé ẹgbẹ́ Farragut Boat Club sì ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá a. Baseball ni wọ́n ń fara wé, eré tí ẹni kan ń ju bọ́ọ̀lù, tí èkejì ń fi igi gbá a, tí ó sì ń sáré yí béèsì mẹ́rin ká, ṣùgbọ́n nítorí pé gbọ̀ngàn kò tó pápá, wọ́n ní láti sún àwọn béèsì náà mọ́ ara wọn. Nígbà tí eré náà jáde síta, tí Walter Hakanson sì dábàá orúkọ softball fún un ní ọdún 1926, ó ṣì kéré sí bàbá rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 60 ni ó wà láàárín béèsì kan sí èkejì lónìí, nígbà tí ti baseball jẹ́ 90.

Ahánbọ́ọ̀lù, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní catcher, ni ẹni tí ń lósòó sẹ́yìn ẹni tí ó di igi mú, kí ó lè hán bọ́ọ̀lù tí igi bá tàsé. Nínú baseball àtijọ́, òkèèrè ni ó ń dúró sí, àfi ìgbà tí Fred Thayer ti Yunifásítì Harvard ṣe ìbòjú onírin, tí ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1878, ni ó tó lè sún mọ́ iwájú láìbẹ̀rù. Softball jogún ìlósòó yìí pẹ̀lú ìṣòro rẹ̀, nítorí pé ìbàdí àti èjìká ẹni tí ó lósòó kọjú síwájú, bẹ́ẹ̀ ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù jìnnà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kọ ibi tí ó ń jù ú sí.

Ohun tí ó mú ìkánjú wọ ọ̀rọ̀ náà ni jíjí béèsì, èyí tí í ṣe pé kí asáré tí ó wà ní béèsì kìn-ín-ní sá lọ sí èkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù. Òfin softball kò jẹ́ kí asáré kúrò ní béèsì títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń jù ú, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kúrú, ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá sì lè sá a ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí a bá yọ àkókò tí bọ́ọ̀lù fi dé ọwọ́ ahánbọ́ọ̀lù kúrò, tí a sì yọ èyí tí ẹni tó wà ní béèsì kejì yóò fi bọ́ọ̀lù kan asáré, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni ó kù. Láti béèsì ilé, níbi tí ahánbọ́ọ̀lù ń lósòó sí, dé béèsì kejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 84 àti ínǹṣì 10, bọ́ọ̀lù tí ó ń sáré máìlì 60 ní wákàtí kan yóò sì lò tó ìṣẹ́jú àáyá kan lójú ọ̀nà. Ìdajì àkókò náà, nígbà náà, ti lọ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rárá, ẹsẹ̀ ni ó sì lè dín in kù.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó inú líìgì àwọn obìnrin tí Philip Wrigley dá sílẹ̀ ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti kó ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin lọ. Bọ́ọ̀lù softball tí ìyíká rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gba asáré láàyè láti kúrò ní béèsì ṣáájú, bí ti baseball, àwọn ahánbọ́ọ̀lù ni wọ́n sì jìyà rẹ̀. Ní ọdún 1946, Sophie Kurys ti ẹgbẹ́ Racine Belles jí béèsì 201 ní sáà kan ṣoṣo. Síkẹ́ẹ̀tì kúkúrú ni líìgì náà fi dandan lé, inú rẹ̀ ni ahánbọ́ọ̀lù ti ń lósòó, inú rẹ̀ ni ó ti ń dìde ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá ka iye béèsì tí wọ́n jí yẹ kí ó rántí ìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò fi softball sílẹ̀, Dot Wilkinson wọ ẹgbẹ́ Phoenix Ramblers ní ọdún 1933 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11, ó sì ń lósòó sẹ́yìn béèsì ilé títí di ọdún 1965, iṣẹ́ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ tí ń kọ́ ipò yìí gbọ́ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn òfin Title IX ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1972, tí ó fòfin de fífi ọ̀rọ̀ akọ àti abo ṣe ojúsàájú nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gba owó ìjọba àpapọ̀, eré obìnrin gbilẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìkọ́ni sì di iṣẹ́ tí a ń gbowó lé lórí. Ohun tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Bí asáré bá wà lórí béèsì, ahánbọ́ọ̀lù yóò gbé ìdí sókè díẹ̀, yóò ya ẹsẹ̀ ju fífẹ̀ èjìká lọ, yóò sì jẹ́ kí ìwúwo ara wà níwájú àtẹ́lẹsẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù ti ń wọ ìbọ̀wọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù yóò gbé ìgbésẹ̀ kúkúrú wá sábẹ́ àárín ara, yóò sì yí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ yóò fi kọjú sí béèsì kejì. Èjìká òsì yóò tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ òsì yóò bọ́ sójú ìlà tí ó lọ tààrà sí béèsì náà, bọ́ọ̀lù yóò sì jáde. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ kọ́kọ́ dìde dúró ṣánṣán kí ẹsẹ̀ tó yí, tàbí kí ẹsẹ̀ ọ̀tún gba ẹ̀yìn òsì kọjá. Ìdí nìyí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó mọṣẹ́ fi ń fa ìlà sílẹ̀, tí ó ń ní kí ọmọ gbé ẹsẹ̀ lé e léraléra láìsí bọ́ọ̀lù rárá, kí ó tó fi bọ́ọ̀lù sí i lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ orúnkún ni ìjiyàn tuntun. Ní ọdún 1987, Benito Santiago ti ẹgbẹ́ San Diego Padres ya àwọn olólùfẹ́ baseball lẹ́nu nígbà tí ó ń ti orí ìkúnlẹ̀ ju bọ́ọ̀lù dé béèsì kejì, bí ọ̀nà softball sì ti kúrú, àwọn ọmọbìnrin tí apá wọn le ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n apá ni ó ń ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹni tí ó kúnlẹ̀, èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà kò sì yẹ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá má ṣe kọ́ ọ ní jíjù láti orí ìkúnlẹ̀ títí yóò fi lè dìde, kí ó yí ẹsẹ̀, kí ó sì ju bọ́ọ̀lù dé béèsì kejì láìtàsé.