Aṣọ Tí Àwọn Ìyá Wa Wọ̀ Lọ sí Ààfin Aké

Èmi kọ́ ni mo ṣe Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nínú eré tí ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò wa ṣe ní Abẹ́òkúta nígbà ìsinmi tó kọjá. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ kò ní rí mi rárá, nítorí ẹ̀yìn ìtàgé ni mo wà pẹ̀lú abẹ́rẹ́, òwú àti okùn. Iṣẹ́ tèmi ni láti pinnu ohun tí àwọn òṣèré yóò wọ̀ àti bí ojú ìtàgé yóò ṣe rí. Bàbá mi ní iṣẹ́ télọ̀ lásán ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn tí a fẹ́ ṣe kò ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá. Láti 1918 ni ìjọba amúnisìn ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 15 yóò máa san án, ṣùgbọ́n ó di ọdún 16 kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin. Ọmọ ọdún 16 ni èmi tí mò ń kọ èyí. Ká ní ayé ìgbà yẹn ni, ǹ bá ti sanwó ọdún kan ṣáájú àwọn ọkùnrin kíláàsì mi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Nígbà tó di ìparí oṣù kọkànlá 1947, àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 lọ dúró sí ààfin Aké. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀, kó tó padà wálé ní ìparí 1950.

Obìnrin 10,000! Mẹ́sàn-án péré ni a ní.

Ọ̀gá tó ń darí eré wa fẹ́ kí a ra ankara aláwọ̀ òféèfèé kan náà fún àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kó lè dùn ún wò. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, àwọn èèyàn á rò pé òde ìgbéyàwó ni wọ́n ń lọ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ wá èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fọ́tò ìgbà náà kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Mo bá gba Ìtòkú lọ bá àwọn aláró. Àdìrẹ tó kún ibẹ̀ lónìí, pupa wà, àwọ̀ ewé wà, ṣùgbọ́n aró ẹ̀lú ni ti ayé àtijọ́. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un dáadáa. Ní Ìbàdàn, àwọn obìnrin ló ń fi ìyẹ́ adìẹ yà á. Níbí ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin ló ń gé àwòrán sára síǹkì, tí wọ́n ń ti ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀. Aró yìí náà ní ìjà tirẹ̀ nínú: ní 1936, àwọn aláró àti Aláké fa ọ̀rọ̀ lórí sóòdù àti aró òyìnbó. Torí náà, nígbà tí àwọn ìyá yìí dé Aké ní 1947, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin máa bá ààfin jiyàn.

Ìyáàfin Ransome-Kuti fúnra wọn fi aṣọ sọ̀rọ̀. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti kàwé, láti 1919 sí 1922, síbẹ̀ wọ́n pa gáùn tì, wọ́n ń ró ìró kí àwọn ọlọ́jà má baà rí wọn bí ẹni tó ga ju àwọn lọ. Nítorí náà mo ní kí òṣèré wa wọ gáùn wọlé, kí ìyá ọlọ́jà kan sì bá a wé gèlé lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gùn tó ojú ewé kan. A yọ ọ́ kúrò.

Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, a kì í sábà rántí rẹ̀. Amos Tutuola tó kọ ìwé Ọ̀mùtí, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1920. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ló gbé ìwé náà wá sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Mo mọ orúkọ àwọn méjèèjì láti kíláàsì JS. Ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé Demas Nwoko ló ṣètò ojú ìtàgé àti aṣọ eré náà. Nínú ìwé yẹn, ọkùnrin arẹwà kan wà tó yá ẹ̀yà ara rẹ̀, tó ń dá wọn padà fún oníǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà. Ẹ rò ó wò ná: ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ronú bí ìyẹn yóò ṣe ṣeé ṣe lára ènìyàn gidi.

Ti obìnrin 10,000 ni mo ń rò ní tèmi. Mo yá ìró àdìrẹ mẹ́rìnlá lọ́wọ́ àwọn ìyá àdúgbò, mo sì ta okùn mẹ́ta sẹ́yìn ìtàgé, mo sá wọn sórí rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo wọn á mì bí èrò.

Ìyá ìyá mi ló fún mi ní ẹyọ kan tí wọ́n jogún lọ́wọ́ ìyá tiwọn. Àwòrán ọba àti ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́ba, tó jáde nígbà ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935. Ọ̀gá wa ní kí n ká a kúrò kíá. “Ìjọba òyìnbó ni wọ́n ń bá jà, báwo ni wọ́n ṣe máa wọ ọba òyìnbó sára?” Mo ní aṣọ kì í ṣe òǹtẹ̀ ìdìbò, sà. Ẹni tó fowó ra ìró ní 1935 kò ní torí ìjà ọdún 1947 sọ ọ́ nù, pàápàá ẹni tí owó orí ti gbọ́n owó rẹ̀ lọ. A jiyàn títí, ilẹ̀ ṣú. Níkẹyìn wọ́n ní kí n fi í sí okùn tó kẹ́yìn.

Ní alẹ́ eré, mo rí àṣìṣe mi. Gílóòbù aláwọ̀ yẹ́lò la tàn, aró sì dúdú kirikiri lábẹ́ rẹ̀ bí aṣọ ọ̀fọ̀. Kí apá kejì tó bẹ̀rẹ̀, mo sáré kó àtùpà alágbára oòrùn méjì wá láti ilé, àwọ̀ aró bá jáde.

Lẹ́yìn eré, ọmọkùnrin kékeré kan gba ẹ̀yìn wá, ó nawọ́ sí okùn ìkẹyìn. “Àǹtí, ta ni àwọn òyìnbó méjì yìí? Kí ni wọ́n wá ṣe láàárín àwọn màmá?” Ọ̀gá wa dúró nítòsí, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìwọ lo gbé wọn síbẹ̀, dá a lóhùn.” Mo jókòó sórí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ láti 1918.