Kì í Ṣe Ọdún 1992 ni Fíìmù Fídíò Bẹ̀rẹ̀

Bí a bá ń wo fíìmù Yorùbá láti Nàìjíríà ní Pobè tàbí Sakété ní ilẹ̀ Benin, a kì í wá ògbufọ̀. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 kò gba èdè lẹ́nu wa. Ìdí nìyẹn tí ìtàn bí fíìmù wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀ fi kàn wá. Ìtàn tó gbòde, pé Living in Bondage tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní 1992 ló bí fíìmù fídíò, kò tọ́.

Irú àṣìṣe yìí ti wà ní Hollywood. Ẹ béèrè fíìmù tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, The Jazz Singer ti 1927 ni wọn yóò dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ orin ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó nǹkan, kíkọ ni wọ́n kọ ìyókù fún òǹwòran láti kà. Lights of New York ti 1928 ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ìtàn ọ̀daràn, ìpànìyàn àti ọlọ́pàá tó ń tọpinpin. Nǹkan bí $23,000 péré ni ilé-iṣẹ́ Warner Bros. ná sí i, ó sì pa ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Fíìmù olówó pọ́ọ́kú ni, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn. Àwọn onítíátà alárìnjò bíi Ògúndé àti Adé Love ti ń ṣe fíìmù sinimá kí ọdún 1980 tó dé. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ju agbára àwọn alárìnjò lọ, ni wọ́n bá yíjú sí fídíò. Ní 1988, Ade Ajiboye ya fíìmù Soso Meji sórí fídíò. Ní 1989, Nnebue fúnra rẹ̀ bá onítíátà Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe fíìmù fídíò Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, ní èdè Yorùbá.

Lóòótọ́, Living in Bondage, tó jẹ́ fíìmù Ìgbò, la ọjà ńlá sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyìn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọjà di ńlá kọ́ ló dá ọjà sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí ní Pobè àti Sakété, bí ẹ bá ń sọ ìtàn yìí fọ́mọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn alárìnjò.